Bí a ṣe ń ṣe jákẹ́ẹ̀tì fún fíìmù àtijọ́ tó ń padà jáde lórí DVD àti Blu-ray

Ẹni tó bá ti rìn ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí fídíò ń tà wàràwàrà mọ bí jákẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, ìyẹn bébà aláwòrán tí wọ́n ń fi sára páálí fídíò, ṣe rí: orí òṣèré mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn, tí wọ́n tò sójú kan bí ọsàn orí àtẹ, iná ń jó lẹ́yìn wọn, àkọlé pupa ń ta yọ láàárín. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, mi ò sì ní torí ẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí jákẹ́ẹ̀tì yẹn ní láti ṣe ni pé kí ẹni tó wà lódìkejì títì, tí ọlọ́kadà ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, rí i kó sì dá òṣèré tó fẹ́ràn mọ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà.

Fíìmù àtijọ́ tó ń padà jáde yàtọ̀. Ẹni tó máa rà á ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún un. Kò sídìí láti pariwo sí i létí. Nǹkan tó lè gbé sórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀ tí ojú ò sì ní tì í ló ń wá. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé, látìgbà tí wọ́n bá ti pè mí títí dìgbà tí bébà á fi jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

1. Ẹ wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

Ní àkọ́kọ́, ẹ káwọ́ lẹ́rán kí ẹ wò ó bí òǹwòran. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ máa kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ òṣèré. Àwọn nǹkan inú fíìmù ni kí ẹ kọ: àdá, ìlù, fìlà, ilẹ̀kùn, lọ́rì, ohunkóhun tó jẹ́ pé tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn náà á wó lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn ẹ̀. Òṣèré ńlá kún inú ẹ̀ bámúbámú, ó sì rọrùn láti tò wọ́n sójú jákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìlù tó ní ṣaworo lára àti adé ló gbé ìtàn yẹn dúró: ọba tí kò bá ṣe ètùtù tó yẹ kò gbọdọ̀ dé adé náà nígbà tí ìlù bá ń dún. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ṣe é, mi ò ní fi ojú ẹnì kankan síwájú. Ṣaworo etí ìlù ni màá yà, nítòsí gan-an, débi tí ẹ ó fi rí ibi tí ọwọ́ ti pa idẹ náà dán. Adé á wà lẹ́yìn, nínú òkùnkùn, bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ẹni tó ti wo fíìmù náà á gbọ́ ìlù létí ara ẹ̀. Ẹni tí kò tíì wò ó á béèrè pé kí lèyí. Nítorí tirẹ̀ ni mi ò fi ní sọ bó ṣe parí níbí, bẹ́ẹ̀ ni kí jákẹ́ẹ̀tì yín náà má sọ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí jákẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìran tó gbẹ̀yìn hàn ṣe pọ̀ tó.

2. Ẹ béèrè ẹni tó ni ín

Èyí kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ẹ̀tọ́ fíìmù lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ àwòrán orí pósítà lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ fótò tí wọ́n yà lójú iṣẹ́ náà tún lọ́tọ̀. Olóògbé tó ṣe fíìmù lè fi ọmọ mẹ́wàá sílẹ̀, kí mẹ́ta nínú wọn sì ti kọ lẹ́tà fún oníṣòwò mẹ́ta. Ẹ gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ní “ẹ má ṣèyọnu, iṣẹ́ bàbá mi ni”, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì na bírò sí i.

3. Ẹ kó ohun àtijọ́ jọ

Àwọn fíìmù Yorùbá tí wọ́n yà sórí sẹ́lúlọ́ìdì, láti àárín àwọn ọdún 1970 wọ àwọn ọdún 1980, ìrìn àjò ni wọ́n fi ń ṣe. Ọ̀gá eré á gbé fíìmù àti ẹ̀rọ sínú bọ́ọ̀sì, á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, pósítà ló sì máa ń ṣáájú wọn wọ̀lú. Ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí náà òjò ló jẹ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ìwé Atọ́ka, tó máa ń fi fótò sọ eré àwọn oníṣẹ́ tíátà láti ojú ewé dé ojú ewé, wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí àkọlé àti aṣọ ìgbà yẹn ṣe rí.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi sikánà gbà á ní 600 dpi, ìyẹn iye tótòtó tó wà nínú ínǹṣì kan. Àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ rí ní tótòtó yíǹkì kéékèèké lára. Tí ẹ bá tún un tẹ̀ bẹ́ẹ̀, tótòtó tuntun á gun ti àtijọ́, ojú èèyàn á wá dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ sikánà ló ní ibi tí wọ́n kọ descreen sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Tí kò bá sí pósítà, inú fíìmù fúnra ẹ̀ ni ẹ ó ti gé àwòrán, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóró. Àwòrán fídíò PAL, irú tí a ń lò ní Nàìjíríà, jẹ́ píksẹ́lì (ẹyọ tótòtó inú àwòrán) 720 lọ́nà 576. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 6.1 lọ, gíga ẹ̀ 4.9. Kò ju páálí ìṣáná lọ púpọ̀. Ti HD, 1920 lọ́nà 1080, á fún yín ní 16.3 lọ́nà 9.1. Tó bá jẹ́ 4K ni wọ́n fi gba fíìmù náà, 3840 lọ́nà 2160, gíga ẹ̀ á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18.3, tó bá gíga jákẹ́ẹ̀tì DVD mu gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó gbéṣẹ́ wá ni pé: kí ni wọ́n fi gba fíìmù yìí?

Ìṣirò yẹn ló ń lé àwọn èèyàn lọ sídìí áàpù tó ń fi AI mú àwòrán tóbi. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àwòrán bàbá àgbà kan tó kọ àbàjà. Áàpù náà rò pé fíìmù ló họ. Ó bá mi nu ilà náà kúrò tónítóní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bíi ti ọmọ ogún ọdún. Mo fi han ọmọ wọn obìnrin. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ta lẹ yà yìí?” Látìgbà náà, tí àwòrán bá kéré, mo máa ń jẹ́ kó kéré: màá gbé e sáàárín àyè òfìfo ńlá, ó sì máa ń lẹ́wà bíi fótò inú férémù. Tàbí kí n mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di tótòtó ńláńlá ní àwọ̀ méjì péré. Tàbí kí n wá ayàwòrán tó máa fi ọwọ́ yà á.

Tí ẹ bá gbé e fún ayàwòrán, ẹ rí i pé ó wo fíìmù náà. Ní Gánà, láàárín àwọn ọdún 1980 àti 1990, orí àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń ya pósítà àwọn ilé fídíò sí, nígbà mìíràn ẹni tó ń yà á ò tíì wo fíìmù náà rárá. Àwòrán náà dùn ún wò, àwọn tó ń kó ohun ọ̀nà jọ ń wá wọn kiri dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó nítorí ejò tó rí lára pósítà, tí kò wá rí ejò nínú fíìmù, ẹjọ́ tirẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀nà kan wà láti fi tẹ́ tọmọdé tàgbà lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ Arrow Video ní Bìrìtéènì máa ń tẹ jákẹ́ẹ̀tì wọn lójú méjèèjì: àwòrán tuntun síta, pósítà àtijọ́ sínú, kí ẹni tó rà á yí i padà bó ṣe wù ú. Owó yíǹkì nìkan ló fi kún un.

4. Ẹ gba ìwọ̀n lọ́wọ́ atẹ̀wé

Ìwọ̀n jákẹ́ẹ̀tì DVD tó wọ́pọ̀, tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ni mìlímítà 273 lọ́nà 183: 129.5 fún ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì, 14 fún ẹ̀gbẹ́ tóóró ní àárín, 129.5 fún iwájú ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi mìlímítà 3 kún un yíká, ìyẹn ohun tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní bleed, kó di 279 lọ́nà 189, kí funfun má baà yọ létí nígbà tí ọ̀bẹ bá gé e. Jákẹ́ẹ̀tì Blu-ray kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíga ẹ̀ tó nǹkan bíi 148, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti kéèsì kan sí èkejì. Ẹ ra kéèsì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ̀gbẹ́ tóóró yẹn ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún jù. Ọjọ́ tí wọ́n rà á nìkan ni wọn ó wo iwájú. Gbogbo ọjọ́ tó kù, ẹ̀gbẹ́ ni wọn ó máa rí lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Àkọlé ibẹ̀ máa ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀, kó lè dúró dáadáa tí wọ́n bá dá kéèsì dùbúlẹ̀ tí iwájú kọjú sókè. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà ga ju mìlímítà 8 tàbí 9 lọ, torí ibi tí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ kì í fìgbà gbogbo bọ́ sójú ẹ̀.

5. Ẹ fi pẹ́ńsù yà á kéékèèké

Ẹ ká bébà A4 sí mẹ́jọ, kí ẹ ya èrò kan sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e jìnnà sí ojú yín. Èyí tí ẹ bá ṣì dá mọ̀ ni kí ẹ mú, torí lórí fóònù, bíi sítáǹbù ni jákẹ́ẹ̀tì yín ṣe máa rí.

6. Àkọlé

Ibí ni mo ti ń lo àkókò jù, ibẹ̀ náà ni mo ti kábàámọ̀ jù.

Mo ṣe jákẹ́ẹ̀tì kan fún fíìmù àtijọ́ tó dá lórí awakọ̀ lọ́rì. Mo kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn ẹ̀: “Ọkọ̀ ni gbogbo ayé ẹ̀.” Mo gbé fáìlì lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan tí mi ò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà tiwọn ò ní fọ́ńtì tí mo lò, ló bá fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún kan ti gbẹ, ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn ni: “Ọkọ ni gbogbo ayé ẹ.” Bàbá onílọ́rì tó ní irùngbọ̀n dé àyà ń wojú mi láti ara jákẹ́ẹ̀tì, ọkọ ni gbogbo ayé ẹ̀. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí n tún un tẹ̀ lówó ara mi.

Ẹ wò ó dáadáa: àmì orí “ayé” ò sọnù. Ti “ọkọ̀” àti “ẹ̀” nìkan ló lọ. Ìdí ni pé é, à àti ẹgbẹ́ wọn ní àyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní. Ńṣe ni àmì òkè máa ń gun lẹ́tà náà bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Fọ́ńtì tí kò mọ bó ṣe máa gbé e á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó gbé e jù nù. Nítorí náà, kí n tó gbà láti lo fọ́ńtì kankan, mo máa ń kọ èyí sínú ẹ̀: Ọ̀ṢỌ́ Ẹ̀ṢẸ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ǹjẹ́ ńlá. Tí ọ̀kan bá mì, mo ti lọ. Noto, Charis, Gentium àti Andika máa ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Wọn ò ní ẹ̀ṣọ́ tó pọ̀ tó fún iwájú jákẹ́ẹ̀tì, lóòótọ́. Fún iwájú, ẹ mú fọ́ńtì tó wù yín, ẹ sọ lẹ́tà náà di àwòrán, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ya àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí i. Kí àmì náà nípọn bíi lẹ́tà; àmì tó tín-ín-rín lórí lẹ́tà tó sanra máa ń dà bí ẹni pé eṣinṣin ló bà lé e.

Tí àkọlé bá jẹ́ ìlà méjì ní lẹ́tà ńlá, ẹ jẹ́ kí àyè àárín wọn fẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ Ṣ tó wà lókè àti àmì orí Ọ́ tó wà nísàlẹ̀ á máa forí gbárí.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí: pósítà àtijọ́ náà ò fi àmì sí àkọlé, ṣé ká fi sí i? Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ayàwòrán ìgbà náà ni ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà níwájú. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn gbé àkọtọ́ tó péye. Kó má jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Houston á máa pe orúkọ fíìmù náà bó ṣe bá a.

7. Àwọ̀

Fíìmù aláwọ̀ tó ti pẹ́ máa ń pọ́n. Àwọ̀ kan ló kọ́kọ́ ń ṣá nínú ẹ̀, tí pupa á fi gba gbogbo ojú ẹ̀. Ẹ má gé àwòrán láti inú ẹ̀dà tó ti pọ́n kí ẹ wá ní bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti tún fíìmù náà ṣe, inú àtúnṣe yẹn ni kí ẹ ti gé e. Tí wọn ò bá tíì tún un ṣe, aṣọ òkè ni mo máa ń fi dán an wò: ẹtù gbọ́dọ̀ dúdú bí aró, àlàárì gbọ́dọ̀ pọ́n, sányán gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ara ẹ̀ tó dà bíi ti erùpẹ̀ gbígbẹ. Tí ẹtù bá dà bí àlàárì lójú yín, ẹ̀dà tó ti ṣá lẹ ń wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i láti RGB, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, sí CMYK, yíǹkì mẹ́rin tí atẹ̀wé ń lò (cyan tó jọ búlúù, magenta tó jọ pupa, yellow àti dúdú), kí ẹ sì ṣọ́ àwọ̀ ara àwọn òṣèré. Tí cyan bá pọ̀ níbi òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹni tó dúdú á hu eérú lójú bí ẹni tí ọyẹ́ fẹ́. Magenta àti yellow gbọ́dọ̀ ju cyan lọ níbẹ̀. Ẹ tún fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, torí bébà máa ń ṣókùnkùn ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Fún dúdú tó bo àyè ńlá, mo máa ń po yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ìdá ọgọ́rùn-ún: cyan 60, magenta 40, yellow 40, dúdú 100. Ọ̀rọ̀ kéékèèké, dúdú nìkan.

8. Ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì

Ẹ kọ ìtàn náà ní Yorùbá kí ẹ tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ọgọ́rin lọ, kó má sì kọjá ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú fíìmù. Tí lẹ́tà bá kéré ju 7 point lọ, àmì ìsàlẹ̀ á di ìdọ̀tí.

Ẹ kọ ọdún, iye ìṣẹ́jú, èdè, ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Tí àwòrán bá jẹ́ 4:3, bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò fẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwo yín bàjẹ́ torí kò kún tẹlifíṣọ̀n òun. Tó bá jẹ́ inú káséẹ̀tì VHS lẹ ti rí i, ẹ má kọ “àtúnṣe láti nẹ́gẹ́tíìfù”. Mo ti rí i tí wọ́n kọ irú ẹ̀, ìlà káséẹ̀tì ṣì ń rìn nísàlẹ̀ àwòrán.

Ọ̀rọ̀ region, nọ́ńbà tó ń sọ apá ibi tí àwo ti lè ṣiṣẹ́ láyé, ń ṣe àwọn ará wa lókè òkun ní kàyéfì. Ní ti DVD, Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Bìrìtéènì 2, Nàìjíríà 5. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn wò ó, ẹ ní kí wọ́n ṣe é láìsí region, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ kọ PAL tàbí NTSC, irú fídíò ti Amẹ́ríkà, náà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà kì í gba PAL.

Àmì ọjọ́ orí tí NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, fún fíìmù náà ní láti wà lára ẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ tà á ní Nàìjíríà. Ní Bìrìtéènì, ti BBFC, irú àjọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bákóòdù tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Ìwọ̀n ẹ̀ gan-an ni mìlímítà 37.29 lọ́nà 25.93, ẹ lè dín in kù dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Dúdú lórí funfun ni. Ẹnì kan ní kí n fi pupa ṣe é kó lè bá jákẹ́ẹ̀tì mu, ṣùgbọ́n iná pupa ni ẹ̀rọ ìsanwó fi ń kà á, kò ní rí nǹkan kan.

Tí gbogbo àmì yìí bá ń bà yín lẹ́wà jẹ́, àwọn ará Japan ní ọgbọ́n kan: tẹ́ẹ́rẹ́ bébà tí wọ́n ń wé mọ́ páálí bí ọ̀já, obi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọjà á wà lára obi. Ẹni tó rà á á bọ́ ọ sílẹ̀, iwájú á mọ́.

9. Ojú àwo àti ìwé inú ẹ̀

Mìlímítà 120 ni àwo. Ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣe pàtàkì wà láàárín òbìrí tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 23 àti èyí tó jẹ́ 118. Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa ihò àárín kí ẹ tó fi ojú èèyàn síbẹ̀; mo ti rí ọba tí ihò bọ́ sí nímú. Ìwé inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ewé tó ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin: 8, 12, 16.

10. Ilé ìtẹ̀wé

Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àwòrán kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi pamọ́ bíi PDF, kí ẹ tọ́jú èyí tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe sọ́dọ̀ ara yín. Fún jákẹ́ẹ̀tì, bébà dídán 150 sí 170 gsm (ìwọ̀n bébà, iye gíráàmù nínú mítà kan níbùú lóròó) tó. Páálí ìta ń fẹ́ 300 sókè. Tó bá jẹ́ Ṣómólú lẹ ti ń tẹ̀, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Kì í ṣe torí pé wọn ò mọṣẹ́. Iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín kí ẹ̀rọ tó máa sáré.

Ẹ ṣẹ́ ẹyọ yẹn, kí ẹ tì í bọ inú kéèsì tí ẹ rà. Ẹ ka gbogbo àmì orí lẹ́tà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, níṣojú ẹlòmíràn. Ẹ tò ó sáàárín kéèsì mẹ́ta mìíràn, kí ẹ fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ bá lè ka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ.